Ìbọn afẹ́fẹ́ mi kò dúró sójú kan mọ́: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Gwagwalada ni mò ń gbé. Mo ní ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sípíríńgì, irú èyí tí à ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí á tó fi ọta sí i. Ọta 5.5 mm ló ń lò, mo sì de dígí ìfojúsùn (skópù) mọ́ ọn lórí. Títí òjò fi parí, bí mo bá dúró ní ogójì ìṣísẹ̀, àparò tí mo bá fojú sùn kì í lọ. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni nǹkan ti yí padà. Lónìí, ọta márùn-ún á wọ ojú kan náà. Lọ́la, ọ̀kan á lọ sókè, èkejì á lọ sósì ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo ti yí dígí títí ó fi sú mi. Mo ti fi kẹrosíìnì fọ inú ọ̀pá, mo sì ti kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀pá ìbọn ti jẹ, òmíràn ní àfi kí n gbé e lọ fún àgbà ọdẹ kó bá mi wẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀, torí inú àlàyé yín ni púpọ̀ nínú ìdáhùn wà. Ẹ ní ìbọn náà dára títí òjò fi parí, ó wá yí padà nígbà ọyẹ́. Ẹ ní ó ń ṣe dáadáa lọ́jọ́ kan, kò sì ṣe dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún ní ẹ ti kán epo sí i. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni mo máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ìṣòro méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń pè ní orúkọ kan náà. Ìbọn kan lè kó gbogbo ọta rẹ̀ jọ sójú kan, kó jẹ́ pé ojú kan ọ̀hún ló jìnnà síbi tí ẹ fojú sùn. Ìyẹn kò le: ẹ yí dígí, ó parí. Ìbọn mìíràn á fi ọ̀kan sókè, á fi ọ̀kan sísàlẹ̀, á fi ẹ̀kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gbójú kúrò níbì kan. Èyí ni tiyín, dígí yíyí kò sì lè wò ó sàn. Bí ọta kan bá lọ sósì tí ẹ sì yí dígí sọ́tùn-ún, ọta tó kàn, tí ì bá ti lọ sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀, á wá lọ jìnnà sí i. Bí ẹ ó ṣe máa lé e kiri nìyẹn títí agolo ọta á fi gbẹ. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan dígí mọ́ títí a ó fi débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní ọ̀pá ìbọn ti jẹ kò tọ̀nà. Ìbọn tó ń lo ẹ̀tù ni iná àti ooru ń jẹ ọ̀pá rẹ̀. Òjé lásán ni ọta ìbọn afẹ́fẹ́, òjé tó rọ̀ débi pé èékánná lè fi àmì sí i, irin sì ni ọ̀pá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta ló máa gba inú rẹ̀ kọjá kó tó hàn lára rẹ̀ rárá. Ní ti ìwẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ mú sukudiráfà, kí ẹ yẹ gbogbo súkúrù ara ìbọn náà wò kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà ọyẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ìdí rẹ̀ ni pé igi máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí afẹ́fẹ́ Abuja gbẹ débi pé ètè ń là. Súkúrù tó le dáadáa ní oṣù kẹsàn-án lè ti dẹ̀ ní oṣù kejìlá láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ wá fi bí ìbọn sípíríńgì ṣe ń gbọ̀n kún un, ìyẹn tó máa ń tú súkúrù fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ igi ni ìdí ìbọn náà tàbí ike. Lára ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí, súkúrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló so irin mọ́ igi: ọ̀kan lápá òsì àti ọ̀kan lápá ọ̀tún níwájú igi, ọ̀kan níwájú irin tó yí tírígà ká, nígbà mìíràn òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, pé ẹ kò sì tíì kọ́ sípíríńgì rẹ̀. Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tí ẹ ta sípírítì díẹ̀ sí nu epo kúrò lára wọn, kí ẹ kán gọ́ọ̀mù súkúrù aláwọ̀ búlúù ẹyọ kan péré sí ẹnu wọn. Ẹ má lo pupa, torí iná ni wọ́n fi ń tú u. Ẹ dè wọ́n títí wọ́n á fi dúró, kí ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára dè é á fọ́ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, súkúrù náà kò sì ní le mọ́ láéláé àfi bí wọ́n bá fi wọ́sà sí i. Ẹ lo sukudiráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ojú súkúrù mu gan-an. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọta.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ. Nígbà tí ẹ bá fa tírígà, písítìn á sáré lọ síwájú, á fún afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sì gbóná gidigidi. Bí epo bá wà níbẹ̀, á gbiná, gẹ́gẹ́ bí díísẹ́lì ṣe ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì láìsí púlọ́ọ̀gì. Ẹ ó gbọ́ ìró tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á jáde lẹ́nu ìbọn, òórùn epo jíjó á sì wà nínú ọ̀pá. Ọta tí epo gbiná lẹ́yìn rẹ̀ á yára ju àwọn yòókù lọ, á lọ sókè. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí epo kò gbiná, á lọ sísàlẹ̀. Ó lè jẹ́ apá kan ohun tí ẹ rí nìyẹn. Kò sì mọ síbẹ̀, torí bí epo bá ń gbiná léraléra, á jó rọ́bà orí písítìn, á sì lè ṣẹ́ sípíríńgì. Epo máṣíìnì, epo mọ́tò, òróró ẹ̀pà, kò sí èyí tó yẹ kó wọ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ́ sínú ọ̀pá. Epo sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ nìkan ni, ẹ̀kán kan, ìyẹn nígbà tí písítìn bá ń dún gbígbẹ. Ìbọn tuntun tó ń rú èéfín díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ kò lẹ́bi. Epo tí ilé iṣẹ́ fi pa á ló ń jó tán.

Kí ẹ tó tún yìn ín, ẹ fi ẹnu ìbọn dojú kọlẹ̀ sórí àkísà mọ́jú, láìsí ọta nínú rẹ̀, láìkọ́ ọ, kí epo tó wà níwájú písítìn lè ṣàn jáde. Ní òwúrọ̀, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá náà, kí ẹ fi okùn fa aṣọ funfun gbígbẹ gba inú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu títí aṣọ á fi máa jáde láìní epo lára. Lẹ́yìn náà, ẹ yin bí ọta 30 sí 50 sínú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ láìbìkítà ibi tó wọ̀. Bí òórùn àti èéfín bá ti tán, ẹ ti bọ́. Bí kò bá tán, epo náà ti pọ̀ ju ohun tí yíyìn lè jó, á di ohun tí wọ́n máa tú. Kẹrosíìnì tún ní tirẹ̀: bó bá dé ibi sípíríńgì, á fọ gírísì kúrò lára rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ tí sípíríńgì ń dún bí gòjé nígbà tí ẹ bá yìn.

Nígbà tí ẹ bá ti dè é tí ẹ sì ti gbẹ epo rẹ̀, ẹ wá yìn ín sí bébà. Ìgò, ẹ̀ka igi àti ẹyẹ kì í sọ nǹkan kan fún ni, torí ẹ kò ní mọ ibi tí èyí tó tàsé gbà. Ẹ lẹ bébà mọ́ páálí, ẹ kọ àmì dúdú kékeré sí àárín rẹ̀, kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó ga wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lápá ibẹ̀. Ẹ wọ jígí ojú, torí òjé máa ń ta padà. Ẹ fi téèpù wọn mítà 25, ẹ má fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kùtùkùtù òwúrọ̀, kí atẹ́gùn tó dìde, ló dára jù. Ẹ yin márùn-ún sójú àmì kan, ẹ gbé bébà mìíràn, ẹ tún yin márùn-ún, títí ẹ ó fi ní bébà mẹ́rin, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ọta kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Bí ihò bá tò lọ sókè-sódò, ìyára ọta ni kò dọ́gba: epo, rọ́bà tó ń jò, tàbí ọwọ́ tí ẹ fi di ìbọn mú. Bó bá tò lọ sọ́tùn-ún àti òsì, ẹ wo atẹ́gùn, bí ẹ ṣe ń fa tírígà, àti ìkẹ́ tí ọ̀pá fi ń ṣẹ́. Bí ọta bá pín sí ọ̀nà méjì tó jìnnà síra, nǹkan kan dẹ̀ lára ìbọn náà tó ń bọ́ síbí, tó ń bọ́ sọ́hùn-ún. Bí ó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sápá kan láti ọta kìn-ín-ní dé ogún, ìdè dígí ló ń yọ̀. Bó bá fọ́n káàkiri láìní ọ̀nà, ẹ fura sí ọta fúnra rẹ̀ tàbí ẹnu ọ̀pá. Àwọn àmì yìí lè jọ ara wọn, wọn kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, ṣùgbọ́n wọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ sì máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọta, tí ẹ tún de súkúrù, tí ẹ sì yí bí ẹ ṣe ń dì í mú lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ní ti bí a ṣe ń di ìbọn mú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ẹni tó mọ ìbọn ẹ̀tù bíi ṣakabùlà yìn dáadáa gan-an ló máa ń ṣì í. Ìbọn sípíríńgì ń gbá lẹ́ẹ̀mejì. Bí písítìn ṣe ń lọ síwájú, ìbọn á tì yín léjìká. Bí písítìn bá wá ta gbún afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀, ìbọn á fà síwájú. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Nítorí náà, ọ̀nà tí ìbọn bá gbà mì ni ọta máa gbà lọ, ẹ kò sì lè fi agbára dá ìmì náà dúró. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ jẹ́ kó mì bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí ẹ gbé iwájú igi lé e láìfi ìka dì í, níbi tí ìbọn ti máa dúró gbọọrọ fúnra rẹ̀ tàbí lẹ́yìn ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi kálámù fa ìlà síbẹ̀ kí ọwọ́ lè máa bọ́ sójú kan. Ẹ má fi ìdí ìbọn tẹ èjìká pa, ẹ jẹ́ kó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, kó kàn án jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa tírígà, ẹ má gbórí sókè láti wò ó; ẹ máa wo àmì nínú dígí títí ọta á fi wọlé. Ẹ má sì gbé ìbọn lé orí òkúta, ẹ̀ka igi tàbí ojú fèrèsé mọ́tò rárá. Ohun líle á ta á sókè. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lé nǹkan, ẹ fi ọwọ́ yín sáàárín. Ọdẹ tó yìn láti ìjókòó lánàá, tó wá fi ìbọn ti ara igi lónìí, á rí ọta rẹ̀ níbi ọ̀tọ̀, ìbọn á sì gba ẹ̀bi tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ihò bá ṣì ń pín sọ́nà méjì tàbí tí wọ́n ń rìn, ó kan dígí. Dígí tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹ̀tù lè bàjẹ́ lórí ìbọn sípíríńgì bó ti wù kó wọ́n tó, nítorí fífà síwájú yẹn. Ìbọn ẹ̀tù kì í fà bẹ́ẹ̀. Ẹ lo èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ìbọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kó sì ṣeé tún ṣe fún mítà 10 sókè. Ọ̀pọ̀ dígí ìbọn ẹ̀tù ni wọ́n ti tò fún nǹkan bí yáàdì 100. Bí ẹ bá fi wo mítà 25, àmì á máa rìn bí ojú yín bá ṣe ń rìn lẹ́yìn dígí. Ẹ fi kálámù fa ìlà tín-ín-rín níbi tí ìdè dígí pàdé ojú irin, ẹ yin ogún ọta, ẹ tún wò ó. Bí ìlà méjèèjì kò bá pàdé mọ́, ìdè tí kò ní pín-ìn-nì ìdádúró, ìyẹn irin kékeré tó ń wọ ihò lórí ìbọn kí ìdè má baà yọ̀, ni ẹ ń lò. Ẹ wá èyí tó ní in. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ọ̀pá ìbọn tó ń ṣẹ́ máa ń dorí kọlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ni ín á sì yí dígí sókè títí dé òpin. Sípíríńgì kékeré inú dígí á tú, àmì á sì máa gbọ̀n kiri. Ẹ dá a padà sí àárín, kí ẹ fi pẹlẹbẹ fíìmù fọ́tò tàbí ike tín-ín-rín sábẹ́ dígí nínú òrùka ẹ̀yìn. Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí ẹ bọ́ dígí kúrò, kí ẹ fi irin ìfojúsùn tó bá ìbọn wá yìn ín ní mítà 15. Bí ọta bá kóra jọ, dígí tàbí ìdè rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ tún wo ọta. Agolo tó ti já bọ́ nílẹ̀ ti tẹ ẹ̀yìn òjé tó rí pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ló sì ń dí afẹ́fẹ́. Ẹ dà wọ́n sórí aṣọ, ẹ ṣa èyí tó bá tẹ̀ sọ́tọ̀. Olórí ròbótó tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín grain 14 sí 16 (òṣùwọ̀n ìwúwo ọta ni grain) ló sábà máa ń bá ìbọn sípíríńgì 5.5 mm mu. Olórí ṣóńṣó tí ọjà kún fún kì í sábà dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó fẹ́, ìbọn méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lè kọ ọta ara wọn. Ẹ ra oríṣi mẹ́ta, ẹ yin bíi mẹ́wàá lára oríṣi tuntun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò rẹ̀.

Ó ku ibi mẹ́ta lára ọ̀pá. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ tí ẹ sì ti kọ́ ọ, ó yẹ kó dúró níbi tí ẹ bá fi í sí. Bó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, bóòtì ìkẹ́ rẹ̀ ti dẹ̀. Kí ẹ máa fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú gírígírí nígbà tí ẹ bá ń fi ọta sí i, torí bó bá sá padà, ìka lè gé. Èkejì ni rọ́bà ìdí ọ̀pá: ẹ gbé tíṣù pẹlẹbẹ sórí ibi tí ọ̀pá pàdé sìlíńdà, ẹ yin ọta. Bí tíṣù bá fò, ó ń jò níbẹ̀; ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà, tàbí kí ẹ gé bébà fi gbé e sókè díẹ̀ ní ìgbà ná. Ẹ má yìn ín láìsí ọta nítorí àtidán an wò, písítìn á kọlu irin lásán. Ẹ̀kẹta ni ẹnu ọ̀pá: ẹ fi òwú yí etí rẹ̀ ká. Ibi tó bá ti há òwú ni irin ti ṣẹ́, àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ náà ń yí ọta padà. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Bí atẹ́gùn tó ń mi ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó lè gbé ọta irú ìbọn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ní mítà 30. Bí ẹ bá dojú kọ àríwá ìwọ̀-oòrùn, òsì gan-an ló máa gbé e lọ. Ìdíwọ̀n jíjìn tún wà níbẹ̀. Ọta tó ń jáde ní nǹkan bíi mítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì ti tò sí mítà 25, á wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 nísàlẹ̀ ní mítà 30, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 ní mítà 40. Ogójì ìṣísẹ̀ yín lórí ilẹ̀ gbọọrọ àti ogójì ìṣísẹ̀ yín nínú koríko gíga kò lè dọ́gba. Fún òǹkàwé mìíràn tí ìbọn tirẹ̀ ń lo gáàsì dípò sípíríńgì, ìyàtọ̀ òwúrọ̀ ọyẹ́ tó jẹ́ ìwọ̀n 15 Celsius àti ọ̀sán oṣù kẹta tó dé 38 á fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára gáàsì náà, torí náà ẹ tò ó ní wákàtí tí ẹ máa ń ṣọdẹ.

Láti ibi tí mo wà, mi ò lè rí inú ìbọn náà. Ìdánwò kan ló kù tí ẹ lè ṣe nílé láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti bàjẹ́: ẹ to ọṣẹ ìfọṣọ ọ̀pá gígùn síwájú pátákó nípọn ní mítà 5, ẹ yin ọta márùn-ún sí i, kí ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ohun tí mo sọ lókè ló ní ẹ̀bi. Bí ọ̀kan bá jìn tí òmíràn kò jìn, lẹ́yìn tí epo ti gbẹ tán, rọ́bà písítìn tàbí sípíríńgì ti lọ. Ẹ má tú ìyẹn fúnra yín. Sípíríńgì náà wà ní fífún pọ̀ nínú ìbọn kódà nígbà tí ẹ kò kọ́ ọ, tí ẹ bá yọ pín-ìn-nì láìsí ẹ̀rọ ìdìmú, ó lè fò sí yín lójú. Ẹ gbé e lọ fún alátùn-únṣe ìbọn tó ní ẹ̀rọ náà, kí ẹ mú ìwé àṣẹ ọlọ́pàá dání lójú ọ̀nà, torí òfin ìbọn 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹ ní kó pààrọ̀ sípíríńgì àti rọ́bà písítìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ní òun á fa sípíríńgì àtijọ́ gùn tàbí òun á fi iná yan án, ẹ gbé ìbọn yín kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti tò ó tán, ẹ yin bí ọgọ́rùn-ún ọta kí nǹkan tuntun inú rẹ̀ lè jókòó, kí ẹ tó wá fọwọ́ kan dígí. Kí ẹ má sì yìn sí ẹran kankan kọjá ibi tí ọta mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹwàá ti ń wọ inú sẹ̀ǹtímítà 3 lórí bébà. Bí ìyẹn bá jẹ́ mítà 22, mítà 22 náà ni, torí àparò tó bá gba ọta sí itan á kú sínú koríko níbi tí ẹ kò ti ní rí i.